Ìbéèrè Kẹrin

Mo gbé fọ́ọ̀mù ọgọ́ta dé Ògìdì,
kí n ka iye àlejò tó ń gun òkè lọ́dún.
Ìyá Olúmọ́rótì kí mi láti ìdí òfì: "Okun o."

"Àlejò mélòó lẹ rí lọ́dún yìí, mà?"
Ó wò mí láti orí dé bàtà eléruku.
"Ìwọ nìkan."
Mo kọ oókan.

Ìbéèrè kẹrin: èló ni àlejò náà ná?
Owó ọ̀kadà mi, ará Kàbà ló gbà á.
Ẹ̀bẹ tí mo jẹ, omi tí mo mu,
ìyá ló ni ín.

Fọ́ọ̀mù kò láyè fún ohun tí onílé ná.
Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, wínníwínní,
bí ẹni jí i kọ.
Ọ̀gá mi á fagi lé e.