Ajá Tó Wà Lábẹ́ Ìpele

Ní Vágur, nígbà tí kùrukùru bá sọ̀ kalẹ̀,
òkè á ṣẹ́kù ìdajì, ilé á ṣẹ́kù òrùlé,
koríko ni òrùlé náà, àgùntàn á sì dà bí ẹni tó ń jẹko lójú sánmà.
Kò sí ohun tó sọnù. Gbogbo wa la mọ̀.
A kàn ń dúró de afẹ́fẹ́ ni.

Sanna wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀,
ó fi àpò ìyẹ̀fun di fọ́tò méjì.
Ọ̀kan: ẹbí dúró níwájú ilé, bàbá, ìyá, ọmọbìnrin mẹ́ta,
àyè kan wà lọ́tùn-ún bàbá, ó là bí àlàfo eyín tó yọ.
Èkejì: Rókur lórí ọkọ̀ apẹja, okùn lọ́wọ́,
ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan tí kámẹ́rà kò rí.
"Bjarta, fi í síbẹ̀," ló wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀.
Òkun ti sọ ìyókù fún gbogbo ìlú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Mo gbé Rókur lé ẹbí rẹ̀ lórí,
ìpele lórí ìpele, bí aṣọ tí a dá lé èjìká.
Ọkọ̀ tẹ̀lé e, ìgbì tẹ̀lé e, ẹyẹ òkun kan tẹ̀lé e.
Ẹni tó ń kánjú á mú ìparẹ́, á nù wọ́n dànù,
ohun tí ìparẹ́ bá sì gbé mì, kì í bì í mọ́.
Èmi fi ìbòjú bò ó.

Òfin ìbòjú kò gùn:
ibi tí mo bá kùn ní funfun, ẹ ó rí i;
ibi tí mo bá kùn ní dúdú, á ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀;
àwọ̀ eérú ni ti ẹni tí kò lọ, tí kò bọ̀.
Mo fi dúdú bo òkun,
ìgbì kan, ìgbì kejì, ẹyẹ náà, imú ọkọ̀.
Etí irun rẹ̀ nìkan gba wákàtí méjì:
búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, eérú díẹ̀, eérú díẹ̀ sí i,
títí afẹ́fẹ́ ojú omi tó wà nínú irun rẹ̀ fi di afẹ́fẹ́ iwájú ilé.
Mo dá òjìji tuntun fún un,
kí koríko lè gbà pé ó tẹ òun.

Sanna jókòó, ó tẹjú mọ́ ọn.
Kò sunkún. Ó ní, "Ajá dà?"
Ajá wo?
"Brandur. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ bàbá wọn ló jókòó sí."
Mo wò ó: orúnkún Rókur ló gun ajá lórí.
Mo mú dúdú, mo fi kan ìbòjú lẹ́ẹ̀kan,
etí kan yọ. Mo tún fi kàn án,
imú tútù, àyà funfun, gbogbo rẹ̀.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ó wà níbẹ̀ látàárọ̀?"
Ó wà níbẹ̀.
"Ohun tí o bá bò kì í kú?"
Nínú ẹ̀rọ yìí, Sanna.
Nínú ẹ̀rọ yìí nìkan ni mo lè búra.
Ó yíjú sí fèrèsé. Kùrukùru ti gba èbúté.

Mo fẹ́ bo okùn ọwọ́ rẹ̀; ó ní kí n fi sílẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró láàárín koríko,
ó di okùn tí kò so mọ́ nǹkan kan mú gírígírí.

Mo tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà fún un.
Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi, mi ò lẹ ìpele rẹ̀ pọ̀.
Òkun ṣì wà lábẹ́ dúdú yẹn, tòun tẹyẹ rẹ̀.
Mi ò kì í ṣí i wò.