Orúkọ Kẹtàlélógójì

Fáànù ń yí. Ohun tó rú mi lójú nìyẹn.
Ká ní ó kú pátá, ǹ bá ti fi aṣọ bò ó,
ǹ bá ti lọ sùn.
Ṣùgbọ́n ó ń mí. Ó ń mí, ojú rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò,
kò ké "píìn" ẹyọ kan tó máa ń ké láràárọ̀
láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ilé ìtẹ̀wé mi ní Àpákẹ̀.

Olúgbénró ló ní ká pààrọ̀ ọpọlọ rẹ̀.
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yín ń rìn bí ìgbín tó ru ẹrù.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ péré, ọpọlọ tuntun ti dé."
Tuntun kẹ̀! Àlòkù tó ti Ìbàdàn wá ni,
wọ́n wé e sínú bébà ṣingọ́ọ̀mù,
kò tó bisikíìtì ọmọdé.

Mo gbà, nítorí ojú ń kán mi.
Ìwé ìsìnkú Ìyá Ìjọ Oyèéwò wà nínú ẹ̀rọ náà,
ojú-ewé mẹ́rìndínlógún,
ọmọ-ọmọ méjìlélógójì,
ìsìnkú sì di ọ̀túnla.

A tú u palẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun.
Eruku ọdún mẹ́sàn-án. Òkú aáyán méjì.
Ìdérí bíírò pupa kan tí mo torí rẹ̀ bá ìyàwó mi jà rí
(mi ò tíì sọ fún un).
A yọ ìrántí rẹ̀, a fi rọ́bà tí ọmọ ilé-ìwé fi ń pa àṣìkọ rẹ́
nu eyín rẹ̀ títí ó fi dán.
A dá a padà. Òkùnkùn.
A yọ bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀, a ka oókan dé ọgọ́rùn-ún,
a dá a padà.
Òkùnkùn náà ni.
Olúgbénró tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń wo ẹsẹ̀ ọpọlọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì:
kò sí èyí tó tẹ̀, kò sí èyí tó ṣẹ́.
Gírísì ńkọ́? Ó wà.
Wáyà olójú mẹ́rin ńkọ́? Ó wọlé, ó dún "kẹ́".
Àlejò lójú, kò fi ríran,
àmọ́ onílé tí kò dá àlejò rẹ̀ mọ̀ ńkọ́?

Nẹ́pà wá mú iná lọ.
A jókòó, kò sẹ́ni tó fọhùn.

Fóònù mi ló tanná. Bàbá Gbádégẹṣin ni, àkọ́bí olóògbé.
Agogo mẹ́wàá ti kọjá, inú rẹ̀ kò dùn.
"Ẹ fo ọmọ àbúrò mi. Èyí tí wọ́n bí ní Kánádà.
Tí wọ́n bá ń pe àwọn ọmọ-ọmọ lọ́jọ́ náà,
báwo ni yóò ṣe dìde?
Ṣé ẹni tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 'èmi nìyí' ni?"

Mo ní ẹ má bínú, sà. Mo pa fóònù.
Mo ní, "Olúgbénró, ọdún wo ni wọ́n ṣe bọ́ọ̀dù yìí?
Ọdún wo ni wọ́n bí ọpọlọ yẹn?"
Ó dákẹ́. Ó tún dákẹ́.
"Ẹ̀gbọ́n... kò sí nínú ìwé rẹ̀.
Bọ́ọ̀dù yìí kò mọ orúkọ rẹ̀ rárá."

Nígbà tí iná dé, a dá ògbólógbòó padà sí àyè rẹ̀.
Píìn!
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ẹ̀rọ náà.

Olúgbénró ní òun lè kọ́ ọ ní orúkọ náà lóru yìí,
pé fáláàṣì kékeré kan ti tó.
Mo ní kó jẹ́ ká sìnkú ná.
Ó wé ọpọlọ Ìbàdàn sínú bébà ṣingọ́ọ̀mù, ó fi sápò.

Mo wá ń tẹ orúkọ kẹtàlélógójì, Mofíyìnfólúwa.
Lẹ́tà kan hàn.
Ó pẹ́ kí èkejì tó tẹ̀ lé e.
Mo dúró dè é.