Ẹnubodè Inú Káàdì

Òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní Ìpákòdó,
mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn yàrá ìgbẹ̀bí,
tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, nọ́ọ̀tì mẹ́ta lápò.
Káàdì tí mo fẹ́ fi sínú kọ̀ǹpútà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ:
pátákó aláwọ̀ ewé, etí rẹ̀ ń dán bí eyín wúrà.

Lódìkejì ògiri, Fẹ́hìntọlá ń rọbí.
Bẹ́líìtì tí wọ́n dè mọ́ ikùn rẹ̀ ń gbọ́ ọkàn ọmọ,
ó ń gé ìró náà wẹ́wẹ́, ó ń dì í ní páálí-páálí,
ó ń fi ránṣẹ́ kọjá ọ̀sà sí dókítà kan ní Èkó.
Dókítà ló bèèrè lórí fóònù:
“Ọkàn yìí ń sáré, ó ń dákẹ́, ó ń fò.
Ṣé ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àbí wáyà yín?”
Nọ́ọ̀sì Ọlánípẹ̀kun wo ojú mi.

Mo ti yẹ wáyà wò. Kò sí ohun tó ṣe wáyà.
Ọ́fíìsì akápò ló ń fi ìwé ìṣirò ọdún méje ránṣẹ́ lóru,
yàrá àwòrán egungun ń ti fọ́tò itan, fọ́tò ìhà,
páálí kéékèèké ọkàn ọmọ wá há sáàárín wọn
bí ọmọ iléèwé láàárín alábàárù.
Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló ń pín ọ̀nà fún wọn,
ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn.
Bí o bá pè é, á ní, “Mò ń bọ̀.”
A kì í fi “mò ń bọ̀” gbẹ̀bí.
Ìròyìn ọkàn tó bá pẹ́ lójú ọ̀nà,
òótọ́ ni nígbà tó gbéra,
irọ́ ni nígbà tó gúnlẹ̀.

Bàbá mi, Ṣórẹ̀mẹ́kún, ló ń tú ọkọ̀ sílẹ̀ ní èbúté yìí.
Aago ọwọ́ kan, fèrè kan, okùn kan tó fi dí ẹnu ọ̀nà.
Láràárọ̀ ló ń gbọ́ aago lẹ́nu rédíò, tó ń yí tirẹ̀ bá a mu,
lẹ́yìn ìyẹn, kò bi ọ̀gá kankan léèrè mọ́.
Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ọkọ̀ òṣìṣẹ́.
Kí àkókò náà tó pé ló ti ń dá onísìmẹ́ǹtì dúró,
kí àpò má baà wà lórí pákó, kò sí lókè, kò sí nílẹ̀,
nígbà tí fèrè bá dún.
Onísìmẹ́ǹtì a bínú: “Ṣórẹ̀mẹ́kún, àyè ṣófo níbẹ̀ yẹn!”
A ní, “Kò ṣófo. Ẹni tó ni ín ló ń bọ̀.”

Káàdì yìí ní aago tirẹ̀ lára,
ó ní ẹnubodè mẹ́jọ, kò sì ní ọ̀gá tó ń bi léèrè.
Mo kọ àkókò wọn sí i lórí bí mo ṣe rántí bàbá mi:
ṣí fún ọkàn ọmọ. Ti gbogbo ìyókù.
Fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, má jẹ̀ẹ́ kí egungun itan há sẹ́nu ọ̀nà.
Lẹ́yìn náà, akápò lè máa lọ.
Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá,
ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo dè nọ́ọ̀tì. Iná kékeré tàn.
Ìró náà ń lọ gúnrégé, tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀,
lẹ́yìn náà ó fà.
Ó fà gan-an.
Dókítà dákẹ́. Lẹ́yìn náà:
“Ọmọ ni. Kì í ṣe wáyà. Ẹ gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kíá.”

Mo ti rò pé inú mi yóò dùn bí mo bá tún un ṣe.
Àṣé ìròyìn burúkú ni mo la ọ̀nà fún.
Mo gbọ́ táyà bẹ́ẹ̀dì lórí símẹ́ǹtì, mo gbọ́ ilẹ̀kùn,
mo ń ka iná káàdì bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀.

Igbe kan wá la ògiri kọjá.
Kò gba ẹnubodè kankan, kò dúró de ẹnikẹ́ni.
Èmi ọmọ Ṣórẹ̀mẹ́kún,
mi ò wo aago.