Ẹ̀rọ Kẹta

Ní ilé iṣẹ́ àpò wa, ní Ìrójò, Iléṣà,
ẹ̀rọ mẹ́ta ló ń hun àpò tẹ́lẹ̀.
Ọ̀gá Fálúyì ra ilẹ̀ sí Kùmásí.
Wọ́n tú ẹ̀rọ kẹta, wọ́n dì í bí òkú ọlọ́lá,
ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.
Epo rẹ̀ ò tíì gbẹ lára sìmẹ́ǹtì.

Mo bú ọ̀gá. Mo ní,
ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òótọ́ ni,
ṣùgbọ́n òrùlé wa ń jò sórí òwú!
Ìbídùn tó ń rán etí àpò ò fèsì,
ó ń fi ìka ka oṣù tí wọn ò tíì san.

Ọdún kejì, ìwé dé láti Kùmásí:
wọ́n ń fẹ́ òwú, igba ìdì lóṣooṣù,
irú èyí tí àwa mọ̀ ọ́n ran.
Ẹ̀rọ méjì tó kù ò sùn mọ́.
Wọ́n tún òrùlé ṣe, apá kan.
Wọ́n fi kún owó mi.
Wọ́n ní kí Ìbídùn máa lọ:
Kùmásí ni wọ́n ti ń rán etí àpò báyìí.

Ẹ má bi mí bóyá ó dára.
Láràárọ̀, orí àbààwọ́n epo yẹn
ni mo ń dúró sí jẹ ẹ̀kọ mi.
Kò tíì sẹ́ni tó gbé nǹkan míì síbẹ̀.