Ṣé Ilẹ̀ Ti Mọ́ Lọ́hùn-ún?

Màmá pè mí láti Ìgbẹ́tì,
aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tirẹ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tèmi.
"Ṣé ilẹ̀ ti mọ́ lọ́hùn-ún?"
Mo wo fèrèsé.
Yìnyín ń fò yí iná títì ká bí èsúnsún lẹ́yìn òjò.
Mo ní, "Rárá, Màmá. Ó ku bí oṣù kan kó tó mọ́."
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí ewúrẹ́ ké lẹ́yìn rẹ̀.
Ó ní, "Kí lẹ fi ṣe oòrùn?"

Ní Inuvik, lókè téńté Kánádà, níbi tí mo ti ń wa takisí,
ìkíni ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.
Ẹ káàárọ̀ di irọ́. Ẹ káàsán di irọ́.
Ẹ káalẹ́ nìkan ló kù, ó sì ti sú ẹnu.
Èmi àti Jìnádù ará Ìwó, tó ń dáná nílé ìwòsàn,
fẹnu kò pé "ẹ kú òkùnkùn" la ó máa kí ara wa.

Wáyà yọ nímú mọ́tò kọ̀ọ̀kan,
wọ́n so ó mọ́ iná ara ògiri bí ẹni so ẹran mọ́ èèkàn.
Èyí tí wọ́n bá gbàgbé láti so kò ní já lọ,
kíkú ni yóò kú síbẹ̀.

Mo ti rò pé mo mọ òtútù,
èmi tí ọyẹ́ la ètè rẹ̀ lẹ́sẹ̀ àpáta.
Ọyẹ́ ọ̀hún, àwàdà ni.
Níbí, èémí tí mo mí síta
di iyọ̀ sára irùngbọ̀n mi,
ìpéǹpéjú mi méjèèjì di ara wọn mú bí ọmọ tó ń bẹ̀rù.

Mábẹ́lì, ìyá arúgbó Gwich'in
tí mo máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀,
wo ìbọ̀wọ́ tí mo rà ní Edmonton, ó rẹ́rìn-ín.
Ọ̀sẹ̀ kejì ó mú òmíràn wá, awọ ìgalà ilẹ̀ wọn,
ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán an, ó ń rùn èéfín.
Mo nawọ́ owó sí i.
Ó ní kí n tètè dá a padà sápò
kí ọwọ́ mi má baà kú kí n tó wọ ẹ̀bùn.

Nígbà tí odò dì, wọ́n sọ ọ́ di títì.
Mo gbé èrò mẹ́ta lọ sí Aklavik lórí omi,
yìnyín ń dún lábẹ́ táyà
bí ẹni ń fọ́ egungun adìẹ ní yàrá kejì.
Mo sọ fún Màmá pé mo wa ọkọ̀ lórí odò.
Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ ní ìtukọ̀? Ìwọ tí o ò lè wẹ̀!"
Mi ò ṣàlàyé.

Ọjọ́ tí oòrùn padà, ó yọjú bí onígbèsè,
iwájú orí nìkan, ó sì tún wọlé.
Síbẹ̀ gbogbo ìlú ló jáde wá wò ó.
Jìnádù ṣí fìlà, nínú òtútù yẹn!

Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù Òkúdù, kò lọ mọ́:
àlejò tó jẹun tán tí kò dìde.
Àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ láago méjìlá òru,
ẹ̀fọn ń mu wá bí ẹni tó mọ̀ wá láti ilé,
mo fi páálí dí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.
Mo pòwe fún Mábẹ́lì: bó ti wù kí ọjọ́ gùn tó, alẹ́ á lẹ́.
Ó wo aago, ó wo òde.
Ó ní, "Bóyá lóṣù tó ń bọ̀."

Màmá pè láago méje àárọ̀ tirẹ̀.
"Mo jí ọ, àbí? Ṣé ilẹ̀ ti ṣú lọ́hùn-ún?"
Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ takisí, mo kọjú sí àríwá,
níbi tí kò yẹ kí oòrùn dé láyé.
Mo ní kó jáde síta, kó wò ó.
Ó ní ó ń ta òun lójú.
"Èmi náà," ni mo wí.
Mo fọwọ́ ṣíji bojú.
Ewúrẹ́ ké.