Wọn Ò Ṣe É Mọ́

Ọdún méjìlélógún ni mo fi kun ojú kan náà.
Àtíkè inú agolo aláwọ̀ aró,
lẹ́ẹ̀dì dúdú, ìlà kan ṣoṣo lókè ojú kọ̀ọ̀kan,
ètè pupa bí orí ìṣáná.
Kí ìròyìn aago méje tó parí lórí rédíò
mo ti ti ilẹ̀kùn, mo ti ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Àdó
lọ síbi iṣẹ́.
Mi ò wo jígí ní àwòtán mọ́. Ọwọ́ mọ ọ̀nà
bí ẹsẹ̀ ṣe mọ àtẹ̀gùn ilé nínú òkùnkùn.

Àfi Ọjọ́rú tí kànìnkànìn ha ìdí agolo.
Mo gba Ògùnpa lọ. Ọkùnrin onísọ́ọ̀bù
yí agolo náà lọ́wọ́, ó ń wò ó bí owó àtijọ́:
"Wọn ò ṣe é mọ́, Màmá. Ó ti tó ọdún mẹ́ta.
Èyí tí mo ń tà fún yín, àṣẹ́kù ni."

Àṣẹ́kù.
Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọ mọ́tò,
ó bá mi délé.

Ìbídùn, ọmọ ayálégbé ìsàlẹ̀,
ń kọ́ṣẹ́ ìkunjú ní Mọ́kọ́lá.
Iná ò sí; ó gbé mi jókòó síbi fèrèsé,
ó di àgbọ̀n mi mú bí ẹni ń yẹ ọsàn wò.
"Mọ́mì, ojú yín funfun, ọrùn yín dúdú.
Èwo ni tiyín níbẹ̀?"
Mo fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló jáde.

Ó ní ẹ̀yìn ọwọ́ kọ́ la fi ń dán àwọ̀ wò,
egungun párì ni, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán.
Ó ní kí n wẹjú, kí n fi òróró díẹ̀ pa á,
kí n wá dúró.
Dúró?
"Ẹ jẹ́ kó mu ún ná. Ògiri eléruku kì í gba ọ̀dà."
Ó rẹ kànìnkànìn sómi, ó fún un,
ó ń fi í tẹ ojú mi, pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́,
kò nù ún bí mo ṣe máa ń nu tábìlì.
Irun òkè ojú, ó ní kì í ṣe ìlà:
"Ẹ máa fà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí koríko ṣe ń hù."
Pupa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní kó gòkè sápá etí,
"torí ní ọjọ́ orí yín, gbogbo nǹkan ló ń sọ̀kalẹ̀.
Ẹ má bá wọn lọ."
Ọmọ burúkú. Òótọ́ ló sọ.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, èmi nìkan dán an wò.
Ti ọ̀tún jókòó jẹ́ẹ́;
tòsì gòkè, ó ń bi ayé ní ìbéèrè.
Mo nù ún. Mo tún un fà. Ìròyìn parí,
ìpolówó ọjà parí, mo ṣì wà níwájú jígí.
Ibẹ̀ ni mo ti rí àmì dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú,
kékeré bí irúgbìn tẹ̀tẹ̀,
àti igun ojú ìyá mi
tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, tí kò kanlẹ̀kùn.

Àwẹ̀ró ló máa ń pè mí,
ẹni tí a wẹ̀ tán kí a tó ró aṣọ fún.
Á fa igi tìróò gba inú ìpéǹpéjú mi:
"Pajú dé. Ṣí i. Má sunkún, wàá bà á jẹ́."
Ìbídùn ní ìyẹn ti di ti àtijọ́,
pé òmíràn wà tí omi ò lè wẹ̀ nù.
Mo ní rárá.
Èyí, a ṣì ń ṣe é.

Wọ́n ní ìwà lẹwà. Mo gbà, mo tún gbà.
Ṣùgbọ́n ìwà kì í bo ìrorẹ́.

Bàbá Ọ̀jẹ́lékè tó ń ṣọ́ géètì
wò mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣílẹ̀kùn:
"Ó dà bíi pé ẹ sùn dáadáa lánàá."
Mi ò sùn tó wákàtí mẹ́rin.
Mo ní mo sùn.

Bọ́tìnnì ló wà nínú agolo aláwọ̀ aró báyìí.