Etí Mẹ́ta Lẹ́nu Bọ́tìnì Kan

Ẹ̀ẹ̀kan ni Màmá Tinúọlá tẹ bọ́tìnì.
Ẹgbàárùn-ún ló fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àpò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,
ọ̀kẹ́ kan àbọ̀ ló gbéra.
Ó wá bá mi ní Àfàò, ní Ìkéré, n kò tíì fọ ẹnu,
ó tú fóònù kúrò nínú áńkáṣíìfù,
ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi bí ẹlẹ́rìí:
"Ìka yìí náà ni. Ẹ̀ẹ̀kan ni."

Mo gbà á gbọ́.
Kóòdù ni mi ò gbà gbọ́.

Ògúnṣakin ló kọ ọ́, kó tó lọ wa ọkọ̀ àjàgbé ní Kánádà.
Ọmọ Èkìtì paraku: ojú ewé àkọ́kọ́, "ulé" ló pè é,
iṣẹ́, "uṣẹ́" ló pè é,
bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ní ìyá ní Ìgbàrà-Odò.
Ó yá etí lò lọ́wọ́ àwọn kan lókè òkun;
ilé ìkówèésí ni wọ́n ń pe irú rẹ̀.
Kò sí ìwé kan níbẹ̀. Etí ló kún ibẹ̀:
etí tí ń gbọ́ títẹ̀, etí tí ń gbọ́ fífà,
etí tí ń gbọ́ pé ẹnìkan ti kọ orúkọ rẹ̀ tán.

Mo wá rí i.
Nígbàkígbà tí Màmá bá ṣí ojú ewé náà,
etí tuntun á jókòó sẹ́nu bọ́tìnì,
ti àtẹ̀yìnwá kì í sì í dìde.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ó tún un ṣí; ó já, ó tún un ṣí.
Etí mẹ́ta ló gbọ́ ìka kan,
oníkálukú sì sáré lọ jíṣẹ́.
Àgbọ́ìgbọ́tán la mọ̀ tó ń da ilé rú.
Àgbọ́túngbọ́ ló da tiwa.

Àwọn tó ṣe etí àtijọ́ ti jáwọ́ nínú ẹ̀, ó pé ọdún mẹ́rin.
Mo lọ mú ti tuntun.
Ti tuntun le. Bí o bá gbé etí kan kalẹ̀,
á já rìsíìtì fún ọ:
ọjọ́ tí o bá ń kó lọ, mú rìsíìtì wá, kí o gba etí rẹ.
Tẹ́lẹ̀, orúkọ ní ń ṣíwájú iṣẹ́ tí wọ́n rán an;
báyìí, iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ wọlé ká tó bi í pé ta ni.
Ìyá tó bí mi ò ní gba irú àlejò bẹ́ẹ̀.
Mo ka ibi tí n óò yí: igba ó lé mẹ́tàdínlógún.
Mo yí wọn, Ọjọ́bọ̀ di Sátidé,
Olósùnta ń mí ooru ọ̀sán sínú yàrá mi,
jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń hanrun títí epo rẹ̀ fi tán.

Mo bá àkọsílẹ̀ Ògúnṣakin níbì kan:
Má fọwọ́ kan ibí yìí. Mi ò mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́.
Mo fọwọ́ kàn án.
Nínú yàrá mi, ó ń lọ geere.
Ní abà kòkó lẹ́yìn òkè, ó dákẹ́:
wọ́n tẹ̀, wọ́n tẹ̀, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ẹni tó ti roko.
Ìdájí ni mo tó mọ̀.
Ìlà náà ò ṣe ju kó dúró lọ,
ìṣẹ́jú-àáyá méje,
kó dúró de ẹni tí ohùn rẹ̀ ń gun òkè bọ̀.
Etí tuntun yára; kò ní sùúrù.
Mo dá ìlà náà padà. Mo kọ sábẹ́ rẹ̀: Mo ti mọ ìdí.

Ọjọ́ Ajé, Màmá Tinúọlá tẹ̀ ẹ́ lójú mi.
Ó wo iye owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó di fóònù padà,
ó ní, "Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ níjọ́sí náà nìyẹn o."

Mo ránṣẹ́ sí Ògúnṣakin pé a ti kó kúrò lọ́dọ̀ etí àtijọ́.
Ọjọ́ kejì ló fèsì, láti ibùdókọ̀ kan tí yìnyín bò:
"Ulé ńkọ́?"
Mo jókòó ti fóònù náà, ó pẹ́.
Ó wà, mo ní. Mi ò yí orúkọ ẹ̀ padà.